Igi Tí A Kò Gbọdọ̀ Pè Ní Ìwọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó bá ní iṣu lórí iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó jókòó, nítorí inú ń bí mi, n kò sì ní dá ọ̀rọ̀ dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi Ọdẹ́bùnmi nìyí, ìyá àgbà tó ń gbé ìbọn, ọmọ Ìdí-Àpáta ní ẹsẹ̀ Òkè Ìyàngbẹ, níbi tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń lá àpáta bí ajá ṣe ń lá àwo ọbẹ̀, tí igi kankan kò lè gbé àfi adúródòjò, igi kúkúrú tí kò ga ju orúnkún mi lọ, tí gbòǹgbò rẹ̀ sì wọ inú òkúta lọ bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo lé òòrẹ̀ gun òkè náà, mo lé e títí èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú mi, ló bá kó sábẹ́ adúródòjò kan. Mo na ìbọn, mo ní, "Ìwọ igi kúkúrú yìí, yà fún mi jàre!"

Òòrẹ̀ yọrí síta. "Háà! Ìyá ọdẹ, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn? Ẹ yáa kúnlẹ̀ o!"

Igi náà sì fọhùn, ohùn gbígbẹ bí ìgbà tí wọ́n ń họ ìdí ìkòkò: "Ọmọ ta ni ọ́? Nígbà tí àwọn tó kọ́kọ́ dáná ní ìlú yín ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí, ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n ti sinmi. Ṣé torí pé mo kúrú lo ṣe ń pè mí ní ìwọ?"

Ìbọn bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀ gbàǹgbà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ìyá mi. N kò mọ̀ pé àgbà ni yín ni."

"Ọ̀jẹ́lékè eléèédú náà kò mọ̀. Ó ní igi wẹ́wẹ́ ni wá, ó ní bí òun bá hú wa, a ó tún hù kí ọdún tó yí po. Gbogbo ẹbí mi ló ti di èédú. Èmi nìkan ni àgbà tó kù. Abẹ́ òjìji mi ni àwọn ọmọ tuntun ti ń hù. Bí n kò bá sí, oòrùn á sun wọ́n pa. Lọ́la ló ń bọ̀ wá hú mi."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo bínú! Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni mò ń bú èèyàn lójú ọ̀nà. Mo bá Ọ̀jẹ́lékè níwájú ilé rẹ̀ níbi tó ti ń pọ́n ọkọ́.

"Dìde, ká lọ kí àgbà kan lórí òkè."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àgbà wo ló ń gbé orí àpáta, ìyá ọdẹ? Ṣé ẹ ti mu ẹmu ni?"

"Bàbá ẹ ló mu ẹmu! Gbé ọkọ́ ẹ, ká lọ!"

Nígbà tó rí igi náà, ó tún rẹ́rìn-ín: "Ṣé èyí tí ewúrẹ́ lè fò kọjá yìí?" Ó gbé ọkọ́ sókè.

Igi náà fọhùn: "Ọ̀jẹ́lékè, ta ló tọ́ ọ tí o kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà?"

Ọkọ́ já bọ́. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, òkúta ya á ní àgbọ̀n, òòrẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín títí gbogbo ẹ̀gún ara rẹ̀ fi ń mì.

"Ẹ forí jì mí, ìyá."

"Mo gbọ́. Àwọn tí o ti sun ńkọ́? Ṣé o lè dá wọn padà?"

Títí di òní, ìbéèrè yẹn ló ń bí mi nínú, nítorí apá ìlà-oòrùn òkè náà ṣì wà ní ìhòòhò, kò sì sí ẹnìkan nínú ẹ̀yin tó jókòó síbí tí yóò wà láyé nígbà tí yóò tún bo ara rẹ̀. Ọ̀jẹ́lékè ń fi òkúta ṣọgbà yí àwọn ọmọ igi ká báyìí, ó dára, ṣùgbọ́n ìbá ti béèrè ọjọ́ orí wọn kó tó gbé ọkọ́! Ẹ má fi gíga mọ àgbà. Ẹni tí ẹ bá ti kúnlẹ̀ kí, ọwọ́ yín kò ní yá láti pa á.

Ó tó, ẹ máa lọ sílé, ọ̀nà yín á dán. Bí ẹ bá gba orí òkè kọjá, ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní, "Ẹ kú oòrùn o, ìyá." Ẹni tó bá ní "o kú oòrùn", kó má padà wá sílé mi.