Ọjọ́ Tí Lí Mu Omi Wàláà

Nígbà láéláé, nígbà tí lẹ́tà ṣì ń fẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n sì ń hanrun, gbogbo ábídí ló le gbagidi bí òpó. Tí ọ̀kan bá sín, ó lè kán sí méjì! Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n dúró lórí pátákó níwájú ìsọ̀, kí ayé lè mọ ẹni tó ni ín.

Lí, lẹ́tà tó gùn tó sì na ẹsẹ̀ kan síta, ló ṣáájú lórí pátákó Làńkẹ́, obìnrin kan tó ń ta aṣọ. Ẹnikẹ́ni kì í wo pátákó náà. Ilé kéwú tó wà lódìkejì ni gbogbo ojú ń lọ, níbi tí àwọn lẹ́tà kéwú ti lọ́ bí ìwo àgbò lórí wàláà, igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ.

Inú bí Làńkẹ́. "Ìwọ Lí, wò ó! Bí oníbàárà ò bá yà lónìí, igi ìdáná ni mo fi ẹ́ ṣe. Ẹ̀wà mi kúkú wà lórí iná."

Lí bẹ́ sílẹ̀ lórí pátákó. Ó tọ àwọn lẹ́tà kéwú lọ.

"Ẹ̀yin ará ibí, ẹ kú ìjókòó o. Kí lẹ̀ ń jẹ tára yín fi rọ̀ báyìí?"

Nún, ọ̀kan nínú wọn, tí ikùn rẹ̀ rí bí igbá, bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló gbé òpó wá kí wa? Ẹ̀gbọ́n Òpó, a ò jẹ nǹkan kan o. A kàn máa ń di ara wa lọ́wọ́ mú ni."

"Irọ́!" ni Lí wí nínú ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ló rí Àfáà Bùsàrí, olùkọ́ ilé kéwú, tó ń fọ ẹ̀kọ́ kúrò lára wàláà. Omi dúdú náà ń kán sínú igbá, àwọn ọmọ kéwú sì ń mu ún díẹ̀díẹ̀ kí ẹ̀kọ́ lè dúró sí wọn nínú.

"Àṣírí tú!" Lí gbé igbá dérí. Gbì, gbì, gbì! Ó mu ún gbẹ, ó tún lá ìdí igbá.

Àfáà figbe ta: "Sùbùhánálláì! Ìwọ òpó yìí, ẹ̀kún ẹnu kan là ń mu o!"

Ó ti bọ́. Egungun Lí rọ̀ wọ̀ọ̀. Ọrùn rẹ̀ tẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nà, ó gba ẹ̀yìn ìsọ̀, ó sọdá odò, ó yí òkè po, ó sì tún padà wá sórí pátákó!

Ìlú dàrú. Ọdẹ ju ìbọn nù. Ewúrẹ́ tí ò lóyún bímọ. Ọba sá wọ inú àmù. Làńkẹ́ káwọ́ lérí: "Yéè! Ta ló sọ pátákó mi di ejò?"

Nígbà tó yá, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Èrò pé bí eéṣú. "Ó mà rẹwà o! Àmọ́ orúkọ ta nìyí?" Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìyá tó bí Lí gan-an wò ó títí. "Ìwọ yìí, ọmọ ta ni ẹ́?"

Làńkẹ́ fa àdá yọ. "Àmì tí ìyá ẹ̀ ò mọ̀, kí ni màá fi ṣe?"

Bí àdá ṣe gbéra ni Lí rántí ọ̀rọ̀ Nún. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti di ìrù, ó di À tó dúró tì í mú. À di Ń mú, Ń fa Kí lọ́wọ́, Kí gbá Ẹ́ mọ́ra. Háà! Orúkọ yọ gbangba!

"Làńkẹ́ ni!" Èrò hó yèè. Àdá bọ́ lọ́wọ́ Làńkẹ́. Kílẹ̀ tó ṣú, kò ku àkísà kan ní ìsọ̀ náà.

Láti ọjọ́ náà ni àmì ìdánimọ̀ àwọn oníṣòwò ti ń lọ́ bí kéwú, tí lẹ́tà wọn ń di ara wọn lọ́wọ́ mú, tí ẹni tó bá rí i á kọ́kọ́ la ẹnu sílẹ̀ kó tó kà á. Bẹ́ ẹ bá sì rí èyí tí ẹ ò lè kà rárá, ẹ má bú u. Omi wàláà ló mu yó, ló bá gbàgbé láti di ẹnìkejì rẹ̀ mú.