Ọkọ̀ Oníke Àrìnpé

Ọ̀gá Ṣóyẹmí mẹkáníìkì ní òun ò ní kọ́ obìnrin níṣẹ́, àfi èyí tó bá to ọkọ̀ tó lè gun òkìtì òkúta iwájú ṣọ́ọ̀bù òun. Àrìnpé fi bíríkì oníke tọ́mọdé fi ń ṣeré to ọkọ̀, ó fi ẹ̀rọ inú rédíò tó ti bàjẹ́ sí i, ó gbé e dé.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. “Èyí náà lọkọ̀?”

“Ọ̀gá, bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.”

Táyà yọ̀, ọkọ̀ dojú dé. Àrìnpé gé túúbù àlòkù tó wà lẹ́sẹ̀ Ọ̀gá, ó fi wé táyà. Ọkọ̀ gun òkìtì dókè.

“Ike ṣáà ni,” Ọ̀gá ní.

Àrìnpé ti ń wọ aṣọ iṣẹ́ tó wà lórí ìṣó. “Ọkọ̀ wo la fẹ́ kọ́kọ́ tú?”