Èèkàn Mẹ́ta Bàbá Òjewùmí

Bí ẹ bá dé ìlú Kìṣí lónìí, páànù lẹ ó máa rí láti òkè dé odò. Ẹ̀ẹ̀rùn ìlú wa kì í mọ ojú ẹnikẹ́ni, páànù kò sì bá a ṣọ̀tá. Àwa tí a dàgbà nígbà tí ilé alámọ̀ ṣì pọ̀ la mọ ohun tó bọ́ lọ́wọ́ wa. Bí èèyàn bá ti wọ inú ilé amọ̀ tó ní àjà, tó fi ẹ̀yìn ti ògiri, oorun ló kù. Àárò àwọn ilé wọ̀nyẹn ń sọ mí gan-an.

Bàbá Òjewùmí, bíríkìlà àgbà àdúgbò wa, ló fọwọ́ mọ púpọ̀ nínú wọn. Ògiri wọn máa ń nípọn débi pé ọmọdé lè sùn sójú fèrèsé kó má ṣubú. Bí Bàbá bá parí ilé kan, àṣà kan wà tí wọn kì í fi ṣeré: àwọn fúnra wọn ni yóò kan èèkàn mẹ́ta mọ́ ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kan wà fún fìlà onílé, ọ̀kan fún àpò rẹ̀, ọ̀kan fún fìlà àlejò. Bí èèkàn bá dúró ṣinṣin, ilé ti pé nìyẹn. Bí ó bá mì pẹ́nrẹ́n, Bàbá yóò ní kí wọ́n wó ògiri náà, wọn yóò sì tún un mọ.

Nígbà tí òjò wá wó ilé Bàbá náà, agbára ti lọ lápá wọn. Àwọn ọmọ fi bulọ́ọ̀kù àti páànù kọ́ yàrá kan fún wọn lójúkò ilé àtijọ́. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni ooru gbé Bàbá ṣubú nínú yàrá náà. Nọ́ọ̀sì ní bí ó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n lè má dìde mọ́. Dáwódù wọn ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n Bàbá fàáké kọ́rí. Ẹ̀yìn ògiri ìwọ̀-oòrùn yàrá náà ni wọ́n sin aya wọn sí, ilẹ̀ kan kì í mọ́ kí Bàbá má lọ kí i.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ níbi tí ìyá yín wà," ni wọ́n ń wí.

Ìyádùnní, àbíkẹ́yìn wọn, tó ń kọ́ ilé ńláńlá n'Íbàdàn, ló bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi ní ẹ̀ẹ̀rùn kan péré. Bí yàrá náà kò bá tutù, èmi fúnra mi ni n ó fi mọ́tò gbé Bàbá wá bá yín."

Ó kó fóòmù líle tó nípọn wá, èyí tí kì í jẹ́ kí ooru wọlé, ó tò ó sábẹ́ páànù. Ògiri ìwọ̀-oòrùn ló wá kù, èyí tí oòrùn ń nà láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Kò ṣeé mú nípọn síta nítorí sàréè, ibùsùn Bàbá sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án nínú. Ni Ìyádùnní bá ránṣẹ́ sókè òkun fún pátákó mẹ́rin kan tí kò nípọn ju ìka méjì lọ, tí wọ́n fi bébà dídán dì, tí wọ́n sì ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú wọn jáde kí ooru má lè gba inú wọn kọjá. Ó tò wọ́n mọ́ ògiri, ó fi pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò wọ́n, ó sì kùn ún.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ògiri yìí fún yín," ó ní. "Ohun tó wà nínú rẹ̀…"

"Àwẹ̀ró," oríkì rẹ̀ ni Bàbá fi dá a dúró, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, "ògiri ni ìwọ fẹ́ kọ́ mi? Ta ló ń kọ́ ọ bí a ṣe ń po amọ̀ nígbà tí o kò tíì lè nu imú ara rẹ?"

Gbogbo àwa aládùúgbò tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyádùnní náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn.

Yàrá náà tutù lóòótọ́. Bàbá sùn lọ́sàn-án gangan, nígbà tí wọ́n jí, wọ́n ní àwọn rò pé inú ilé bàbá àwọn ni àwọn wà. Inú wọn dùn débi pé wọ́n ní iṣẹ́ ọmọ àwọn kò gbọdọ̀ wà láìpé. Lẹ́yìn tí Ìyádùnní padà sí Ìbàdàn, wọ́n mú òòlù lọ síwájú ògiri ìwọ̀-oòrùn náà, tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Nítorí pé ògiri òde òní kì í gba èèkàn igi, ìṣó gígùn mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Bí wọ́n ti kan èkíní, wọ́n gbọ́ "fìì" bí ẹni tó fa èémí. Wọ́n rò pé aláǹgbá ni. Wọ́n kan èkejì, wọ́n kan ẹ̀kẹta, wọ́n mì wọ́n wò, ìṣó dúró gbagidi.

"Ọmọ mi mọ ilé!" ni wọ́n wí, wọ́n sì fi fìlà kọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ògiri náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbóná. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ wá a kiri, ẹni tó ti fi àádọ́ta ọdún bá ògiri gbé kò nílò olùtúmọ̀. Wọ́n yọ ìṣó, òtútù kò padà wá. Wọ́n dá ìṣó padà sáyè rẹ̀, wọn kò sọ fún ẹnì kankan. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ sàréè ni wọ́n ń jókòó sí lọ́sàn-án.

Nínú oṣù Ẹrẹ́nà, Ìyádùnní dé.

"Bàbá, yàrá ńkọ́?"

"Ó tutù bí omi àmù."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi aṣọ tútù borí, tí ẹ jókòó síta?"

"Mo wá kí ìyá rẹ ni."

Ìyádùnní wọlé, ooru pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó ṣí fìlà kúrò, ó rí orí ìṣó. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó bú sẹ́kún. Nígbà tó gbójú sókè, Bàbá ló dúró níwájú rẹ̀.

"Èmi ni mo kàn án, Àwẹ̀ró. Mo fẹ́ kí ilé rẹ pé ni."

"Bàbá, ihò abẹ́rẹ́ kan ti tó láti ba ọ̀kan nínú àwọn pátákó inú ògiri yìí jẹ́. Afẹ́fẹ́ ti wọ mẹ́ta nínú mẹ́rin, kò sì ṣeé lẹ̀. Kí ló dé tí ẹ kò bi mí?"

Bàbá ní, "Ta ni mo máa ń bi? Gbogbo ògiri tí mo ti kan èèkàn mọ́ láyé mi, èmi náà ni mo mọ ọ́n." Ohùn wọn wá rẹlẹ̀. "Jọ̀ọ́, má gbé mi lọ."

Ìyádùnní nu ojú rẹ̀ nù. "Ìyókù fóòmù líle wà lẹ́yìnkùlé. Ìyẹn gba ọ̀bẹ, ó gba ìṣó. Ṣùgbọ́n ó nípọn, Bàbá. Yàrá kò ní gba ibùsùn yín mọ́."

Orí ibùsùn náà ni aya wọn bí gbogbo ọmọ wọn sí, orí rẹ̀ náà ló kú sí. Bàbá fọwọ́ pa igi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ gbé e jáde," ni wọ́n wí. "Orí ẹní ni wọ́n bí èmi sí."

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo ń bá wọn di fóòmù mú. Bàbá ló mú ọ̀bẹ dání.

"Ṣé kí n gé e níhìn-ín, Àwẹ̀ró?"

"Ẹ sún díẹ̀ sọ́tùn-ún, Bàbá."

"Ìhín ńkọ́?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń bi léèrè ló ń bi ọmọ rẹ̀ léèrè, ojú kò sì ti Bàbá. Omi bọ́ lójú mi, mo ní ìyẹ̀fun fóòmù ni. Yàrá náà kò tutù tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó tutù tó fún arúgbó láti sùn lọ́sàn-án. Ìyádùnní nìkan ló wa mọ́tò padà sí Ìbàdàn. Ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́rin sí i ni Bàbá lò lórí ẹní wọn kí wọ́n tó lọ sùn ti aya wọn, kò sì sí ọ̀dọ́ bíríkìlà kan tó wá kí wọn tí Bàbá kò ka ẹ̀ṣẹ̀ ara wọn, ìyẹn ìṣó mẹ́ta náà, fún. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà àdúgbò wa fi ń pa á lówe pé: ohun tó wà nínú ògiri tí ẹlòmíràn mọ, ẹnu la fi ń béèrè rẹ̀, a kì í fi òòlù béèrè.