Gòjé Láríndé àti Ewé Àwẹ̀ró

Láríndé ni onígòjé ààfin ní ìlú Òkè-Ọsàn. Ọ̀dọ̀ àjèjì kan tó ti ilẹ̀ Tápà wá ló ti kọ́ iṣẹ́ náà nígbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n, ó sì lù ú fún ọba mẹ́ta tó jẹ tẹ̀ léra wọn. Igbá tí a fi awọ bò ni gòjé. Irun ìrù ẹṣin ni okùn rẹ̀, irun ìrù ẹṣin náà ló sì wà lára ọrun tí a fi ń ha á. Ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá ni Láríndé kọ́ yege, oníkálùkù sì ti gba ìlú tirẹ̀ lọ.

Bí ó bá ń kọ́ ènìyàn níṣẹ́, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. “Wo ọwọ́ mi” ni gbogbo ohun tó máa ń sọ.

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ń se ọṣẹ dúdú ní ẹ̀yìnkùlé. Ògiri ló wà láàárín òun àti ibi tí ọkọ rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, bí Àwẹ̀ró ti ń fi ewé di ọṣẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń gbọ́ gòjé, kò sì rí ọwọ́ tó ń ha á.

Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ kù kan ṣoṣo, ìyẹn Ògúntọ́lá, Láríndé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní orin tí wọ́n fi ń jí ọba ní àárọ̀ ọdún iṣu tuntun. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣẹ̀dá orin náà, ọdọọdún ló sì máa ń fi dánra wò nílé, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀ nìkan ló fẹ́ fi kọ́. Wọn kò tíì dé ìdajì tí làkúrègbé fi dé sí ọwọ́ Láríndé. Gbogbo ìka wú, wọn kò ṣeé ká mọ́. Ọdún sì ku ọ̀sẹ̀ kan péré.

“Bàbá, kí ni mo máa ṣe níbi tí orin ti ń ṣẹ́ yìí?”

“Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n, Ògúntọ́lá. Ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n.”

Ẹ̀rù ba Láríndé pé orin náà yóò bá òun lọ sí ọ̀run.

Ní ọjọ́ kẹta, bí Ògúntọ́lá ti tún ń kọsẹ̀ níbi kan náà, ohùn kan ké láti ẹ̀yìn ògiri: “Rárá o! O ti ń sáré jù. Mí díẹ̀, kí o tó gùn ún lọ sókè!” Àwẹ̀ró bá fi imú kọ orin náà. Láríndé gbórí sókè. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ògúntọ́lá rẹ́rìn-ín. “Ìyá, ẹ ò di gòjé mú rí láyé yín. Ṣé ọṣẹ ni?”

“Ìwọ tó o dì í mú ńkọ́? Ṣebí igbe ewúrẹ́ tí ebi ń pa lò ń ha jáde.”

“Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kò lè kọ́ mi níṣẹ́.”

Àwẹ̀ró gbé iṣu sísun àti epo fún wọn. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, epo ti kun ọwọ́ Ògúntọ́lá, epo kò sì gbọdọ̀ kan irun gòjé, ló bá tọrọ ọṣẹ. Àwẹ̀ró tú ọṣẹ kan tó ti wà lórí àjà láti èèṣí, ó fi ọṣẹ pamọ́, ó na ewé tó fi dì í sí i.

“Ìyá, ewé lẹ fún mi.”

“Mo mọ̀. Fi fọwọ́.”

Ó tẹ ewé bomi, ó fi ra ọwọ́. Ewé hó yee dé ọrùn ọwọ́, epo sì lọ tán.

“Ta ló se ewé yẹn?” ni Àwẹ̀ró bi í.

“Kò sẹ́ni tó sè é, Ìyá. Ó kàn pẹ́ níbẹ̀ ni.” Ó wojú obìnrin náà, ó sì dọ̀bálẹ̀. “Ẹ máa kọ́ mi.”

Ọjọ́ mẹ́rin ni Àwẹ̀ró fi ń fi imú kọ orin náà, tí Ògúntọ́lá ń ha á, tí Láríndé ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní àárọ̀ ọdún, bí Ògúntọ́lá ti ń fi orin náà jí ọba ní ààfin, ọba ké láti inú yàrá rẹ̀: “Láríndé, wọ́n ní ọwọ́ ń dùn ọ́! Ta ni mò ń gbọ́ yìí?”

“Kábíyèsí, ọmọ iṣẹ́ ìyàwó mi ni,” ni Láríndé fi ẹ̀rín dáhùn, ó sì ro ọ̀rọ̀ ewé náà fún un. Ẹ̀rín ọba la ààfin já. Ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ ni àwọn àgbà ti gbọ́ ọ, tí wọ́n fi ń sọ ọ́ títí di òní pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.