Omi Tí Ìyá Akàn Bù Fún Erinmi

Àlọ́ o!
— Àlọ̀!
Àlọ́ mi fò fìrì, ó balẹ̀ sí èbúté, lọ́dọ̀ Ìyá Akàn tí ẹyin kún abẹ́ ikùn rẹ̀.

Bí ọkọ̀ Ọ̀gá Erinmi bá ti gúnlẹ̀ níbẹ̀, á da epo dúdú tí ọkọ̀ rẹ̀ ti lò tán sómi. Ó dà á lẹ́ẹ̀kíní, edé sá lọ. Ó dà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹja sá lọ. Nígbà tó gbé garawa kẹta, Ìyá Akàn mọ̀ pé ẹyin òun yóò kú. Ó forin bẹ̀ ẹ́. Ẹ gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Erinmi, má dà á mọ́ o,
— Omi lọmọ mi ń mu!
Epo dúdú kì í ṣe wàrà,
— Omi lọmọ mi ń mu!

Erinmi bú sẹ́rìn-ín. "Akàn ẹlẹ́sẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ! Kí ló ṣe omi tó mọ́ tónítóní yìí?"

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Àlejò dé, a ò tíì fún un lómi mu." Ìyá Akàn bu igbá kan nínú omi náà, ó fi gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ gbà, bàbá. Àlejò rere kì í kọ omi onílé."

Erinmi gbóòórùn ohun tó wà nínú igbá, ó sáré di imú. Gbogbo ẹyẹ òkun ń wò ó, wọ́n ń gberin. Ojú tì í.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún un ṣe, ìyá."

Ó bẹ́ sómi, ó ń fi ẹnu ńlá rẹ̀ gbọ́n epo padà sínú ọkọ̀. Kó tó gbọ́n ọn tán, ẹyin ti pa, àwọn ọmọ akàn sì ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn lórí imú rẹ̀.

Bí mo bá purọ́, kí òùngbẹ gbẹ mí létí odò.