Bàtà Tí Ewé Ń Wọ̀

Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan, ọ̀gá àwọn alábẹ̀wò ilé ìwé, ni gbogbo tíṣà ń bẹ̀rù, òun ló sì ní kí Abilékọ Adéọtí, tíṣà sáyẹ́ǹsì kíláàsì kejì girama, ka ìwé sáyẹ́ǹsì tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kẹ́rù rẹ̀ kúrò. "Ẹ ń falẹ̀ jù. Kí ìwé yé ọmọ, iṣẹ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn." Ó ti rẹ Abilékọ Adéọtí ju kó jiyàn lọ. Ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sójú pátákó níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kà á fún wọn bí ẹ ṣe fẹ́ kí n máa kà á." Ọ̀gá gbé ohùn sókè, ó sáré kà á: "Ewé máa ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ ara rẹ̀. Tó bá sè é tán, á bọ́ bàtà rẹ̀, á sì lọ sùn." Ó kọjú sí àwọn ọmọ. "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo kíláàsì pariwo, "Ó yé wa, sà!" Wọ́n ti ń dà á kọ. "Ẹ rí i báyìí?" ni ọ̀gá wí. Abilékọ Adéọtí fara ti tábìlì. "Ẹ ṣé, sà. Irú bàtà wo ni ewé ń wọ̀?" Ọ̀gá yíjú sí pátákó, ó wá rọra tún un kà, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí Abilékọ Adéọtí má ṣe sáré mọ́, àti pé láti Mọ́ńdè, tíṣà náà ni yóò máa kọ́ gbogbo kíláàsì bí ìwé ṣe ń yéni, ti ìṣirò, ti iṣẹ́ àgbẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá. "Ṣé ó yé yín, ìyáàfin?" Ohùn tí àwọn ọmọ fi dáhùn ló fi dáhùn: "Ó yé mi, sà."