Odó tí Ọnàwùmí Gbẹ́ Nínú Igbó

"Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí." Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ ọ rí. Wọ́n ń sọ ọ́ níbi ìpàdé, wọ́n ń sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó, ọ̀lẹ pàápàá máa ń sọ ọ́ nígbà tó bá fẹ́ kí á bá òun ṣe iṣẹ́ tó yẹ kó dá ṣe. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni? Ẹrù wo ló kọ̀ tí kò gun orí? Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Alápá.

Ìlú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ni Alápá. Abẹ́ igi ìyeyè kan ni gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀, bí ọwọ́ wọn sì ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ẹnu wọn ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọnàwùmí. Ó mọ igi gbẹ́ ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, àmọ́ kò gba ẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbẹ́ àpótí ìjókòó tí ìdí rẹ̀ kò dọ́gba. Àkànní, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, jókòó lé e, ó ń mì síwájú sẹ́yìn.

"Ọnàwùmí," ló wí, "ọkọ̀ ojú omi lo gbẹ́ fún wa yìí, àjẹ̀ rẹ̀ dà?"

Gbogbo abẹ́ igi bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dun Ọnàwùmí wọra. Ó kó àáké, ọ̀bẹ àti òòlù rẹ̀ sínú àpò, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Láyé ìgbà náà, gbẹ́nàgbẹ́nà tó bá fẹ́ gbé ìyàwó ní Alápá gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ odó fún ìyá ọmọ. Odó náà sì gbọ́dọ̀ dé ẹnu ọ̀nà àna kí oòrùn tó kan àtàrí lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá. Bí kò bá dé, ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ìbíyẹmí ni Ọnàwùmí ń fẹ́, ẹ̀ẹ̀rùn kan gùn lójú rẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ. Nígbà tó lọ béèrè irú odó tí ìyá Ìbíyẹmí fẹ́, ìyá náà wò ó títí.

"Odó tí obìnrin mẹ́ta lè jọ gún iyán nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni mo fẹ́," ló wí.

"Ẹ ó rí i, Ìyá."

Ó rí igi apá ńlá kan tó wó sẹ́yìn òkè, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní òun nìkan. Ó ti búra pé ẹnikẹ́ni kò ní fojú kan odó náà títí yóò fi parí, kí Àkànní má baà rí nǹkan sọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò yá. Lábẹ́ ìyeyè, ẹnìkan á di igi mú, ẹnì kejì á máa gbẹ́ ẹ. Níhìn-ín, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ń di igi mú, ọ̀tún nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá sì gbẹ́ ibi tó dára, tó gbójú sókè láti wí pé "Ẹ wo èyí!", ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń rí. Nígbà mìíràn, afẹ́fẹ́ á gbé ìró àáké àwọn ará abẹ́ ìyeyè wá, kó tó mọ̀, àáké tirẹ̀ á ti máa bá wọn lọ. Ìgbà yẹn nìkan ni inú rẹ̀ máa ń dùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá, bó ṣe ń tún ẹnu odó ṣe, igi yí, àáké sì ṣá a lọ́wọ́ òsì. Ọgbẹ́ náà kò jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò lè di nǹkan mú mọ́. Ó fi aṣọ wé e, ó dìde láti gbé odó. Ibẹ̀ ló ti rántí pé odó kì í rìn! Láti oṣù kan tó ti ń wọn ẹnu, tó ń wọn ìdí, kò ronú lẹ́ẹ̀kan bí yóò ṣe délé. Ó gbé òṣùká lé orí, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan gbá odó mọ́ra. Odó kò mira. Ó fi igi tì í, odó yí wọ inú igbó, òṣùká já bọ́. Oòrùn ń gòkè. Ọnàwùmí jókòó sílẹ̀, ó ń pe orúkọ Ìbíyẹmí wúyẹ́wúyẹ́, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n.

Kò pẹ́, ó gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn. Bàbá Ògúnrọ̀gbà, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà, ló ṣíwájú, Àkànní àti àwọn mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e.

"Kí ló dé tí àáké rẹ dákẹ́?" ni bàbá náà béèrè.

"Ẹ máa ń gbọ́ ọ ni, Bàbá?"

"Láti oṣù kan. Ìwọ ń lé, àwa ń gbè. Nígbà tí a ò gbọ́ ọ mọ́, iṣẹ́ kò yá wa."

Ojú ti Ọnàwùmí, ayọ̀ sì kún inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àkànní yí odó po, ó fọwọ́ tẹ ẹnu rẹ̀, gbogbo wọn ń retí ohun tí yóò sọ.

"Èyí kò mì o," ló wí. "Ẹni tó gbẹ́ ẹ gan-an kò lè mì ín!"

Ọnàwùmí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Wọ́n já ewé ìpín, ewé tó ń ha nǹkan bí ahọ́n màlúù, gbogbo wọn sì rọ̀gbà yí odó ká, wọ́n ń fi dán an. Ẹnìkan ń sọ ti ìyàwó rẹ̀, ẹnìkan ń sọ ti ewúrẹ́ rẹ̀, igi apá sì ń pọ́n síwájú wọn. Ọnàwùmí gbàgbé ọwọ́ rẹ̀, ó gbàgbé àpótí, díẹ̀ ló kù kó gbàgbé ìyàwó. Bàbá Ògúnrọ̀gbà ló pariwo pé, "Oòrùn o!" Wọ́n so odó mọ́ igi méjì, àwọn mẹ́rin gbé e lé òṣùká, Bàbá ń la ọ̀nà níwájú, Ọnàwùmí sì fi ọwọ́ kan tó kù ti odó lẹ́yìn.

Díẹ̀ ló kù kí oòrùn kan àtàrí nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́. Ìyá Ìbíyẹmí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò wo odó, àwọn tó rù ú ló ń wò. Ọnàwùmí dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá, èmi ni mo gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo gbé e wá." Ó na ọwọ́ tó wé láṣọ sókè. "Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹ má bínú."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ní kí o dá gbé e? Odó tí ẹnìkan lè dá gbé, mo ní mẹ́ta nílé. Wọ́n ní o kò bá ẹnikẹ́ni jókòó mọ́, ni mo ṣe ní kí n wò ó bóyá ilé ẹni tó ní ènìyàn ni ọmọ mi ń lọ." Ó kọjú sínú ilé. "Ìbíyẹmí! Kó ọmọ odó mẹ́ta jáde!"

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pa òwe náà ní Alápá, Ọnàwùmí sì padà sábẹ́ ìyeyè, níbi tí Àkànní ti fi àpótí tó ń mì pa mọ́ dè é. Bí àwọn àgbà bá rí ẹni tí ìgbéraga tàbí ìbínú mú kó fẹ́ dá ṣe iṣẹ́ tó ju agbára ẹnìkan lọ, wọ́n á ní, "Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí." Wọ́n sì ń sọ ọ́ fún àwọn tó ti kóra jọ, kí wọ́n má tú ká nítorí ẹ̀fẹ̀.